Ẹ̀wù Tí Mo Fọ̀

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dé Èkó ni pé Yorùbá ni wọ́n fi ń bú ara wọn lójú títì. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Níbi tí wọ́n bí mi sí, èdè inú ilé ni Yorùbá. Òun la fi ń kí àwọn òbí wa láàárọ̀, òun la fi ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run, òun ni ìyá mi sì fi ń bá wa wí. Tí a bá ti ré ẹnu ọ̀nà kọjá, ó di Faransé àti Júlà. Mo wá dé Oregun, mo gbọ́ tí awakọ̀ ẹrù kan ń fi èdè àdúrà mi bú ìyá ẹlòmíì, mo sì dúró, mò ń wò ó bí ẹni tó wọ bàtà wọ mọ́ṣáláṣí.

Bùàké ni ìlú tí wọ́n bí mi sí ń jẹ́. Àwọn ará Ẹ̀jìgbò a máa pe gbogbo ilẹ̀ yẹn ní Àbíjàn, bí Àbíjàn gan-an tilẹ̀ jìnnà sí wa. Bàbá bàbá mi ló ti Ẹ̀jìgbò lọ síbẹ̀ lọ ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́, bàbá mi gba ìsọ̀ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì bí mi sínú ilé tó wà lẹ́yìn ìsọ̀. Ànàgó ni àwọn onílẹ̀ ń pè wá. Tí inú bá bí wọn, wọ́n á ní ká máa lọ sílé wa. Èmi gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Láti kékeré ni mo ti rò pé ilé wà níbì kan tó ń retí mi, àti pé lọ́jọ́ tí mo bá débẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa bi mí pé níbo ni mo ti wá.

Ní Oregun, kí n tó lo ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti sọ mí ní Madam French.

Iléeṣẹ́ ìránṣọ ló gbà mí. Aṣọ iṣẹ́ la ń rán fún àwọn iléeṣẹ́ tó kù lágbègbè náà, títí dé Ìlúpéjú, ẹ̀wù aláwọ̀ eérú tí orúkọ iléeṣẹ́ wà láyà rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá tó ń bójú tó wa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi, mo sì kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Madam, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ó ní. "Tí wọ́n bá rí yín nílẹ̀, wọ́n á rò pé machine ló ṣe yín léṣe."

Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Tóbi là ń pè é, ọmọ Èkìtì ni, ẹgbẹ́ mi sì ni. Ó ń gbé Àgídìngbì, ó sì ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan níbẹ̀. Òun ló di ọ̀rẹ́ mi àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yẹ̀yẹ́ ló fi ń ṣọ̀rẹ́.

"Níbo lo ti rí irú Yorùbá yìí ná?" ó bi mí lọ́jọ́ yẹn. "Bí ìyá ìyá mi lo ṣe ń sọ̀rọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Yorùbá tí bàbá bàbá mi gbé kúrò nílé ni mo gbé padà wá, kò sì sí ẹni tó bá wa tún un ṣe lójú ọ̀nà. Nígbà tí àwọn tó kù bá ń sọ pé nǹkan "ti set", èmi á ní ó ti gún régé, gbogbo wọn á sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti wò mí. Mo wá ń dákẹ́. Ẹnu mi tó máa ń gba tọ̀tún tòsì ní Bùàké wá di ẹnu àlejò nínú ilé bàbá mi.

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì náà tún wà níbẹ̀. Ní Bùàké, búrẹ́dì a máa dún tí o bá ṣẹ́ ẹ, èérún rẹ̀ á sì kún àyà rẹ. Mo ra búrẹ́dì Agége lọ́jọ́ kan, mo tẹ̀ ẹ́, ó sì wọlé bí ìrọ̀rí, ó tún rọra yọ padà. Mo jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró, mo ń sunkún, n kò sì lè sọ pé búrẹ́dì ló pa mí lẹ́kún.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyá mi. Wọ́n ṣì wà ní Bùàké, nínú ilé kan náà, wọ́n ń ta òwú àti bọ́tìnnì níbi tí bàbá mi ti ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lọ sílé ọkọ ní Àbíjàn. Èmi ló kù sílé pẹ̀lú wọn, èmi náà sì lọ. Ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń bi mí.

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Màámi."

"Ṣé wọ́n ń pè ọ́ lórúkọ?"

Mo mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè. Mo máa ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo èèyàn ló mọ orúkọ mi. Lẹ́yìn náà wọ́n á sọ pé àwọn ti tilẹ̀kùn ìsọ̀, àwọn fẹ́ jẹun, èmi á sì rí i lọ́kàn mi bí wọ́n ṣe ń gbé abọ́ kan ṣoṣo kalẹ̀. Ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo jí nǹkan wọn gbé sá. Kò sí ẹni tó lé mi. Mo fẹ́ lọ ni mo ṣe lọ.

Àwọn ìṣẹ́gun kéékèèké náà wà, kí n má ṣe bí aláìmoore. Lọ́jọ́ kan ní Ìkẹjà, obìnrin kan tó gbé ẹrù mì mí léjìká, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń wọkọ̀ Àgídìngbì?" Mo nawọ́ sí i, mo júwe rẹ̀ fún un, ó dúpẹ́, ó sì lọ síbi tí mo júwe. Mo dúró wò ó títí ó fi wọkọ̀. Bí mo ṣe ń lọ sílé, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan bí aṣiwèrè.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ kan, Ìyá Tóbi bi mí pé, "Mo gbọ́ pé ogun jà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún."

"Ó ti pẹ́," mo ní.

"Ṣé ó kàn yín?"

"Rárá o."

N kò mọ̀ bóyá ìtìjú ni tàbí ìgbéraga. Mo ti jẹ́ ará Àbíjàn, mo ti jẹ́ Madam French, n kò fẹ́ tún jẹ́ ọmọ ogun-lé-mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí ló ṣe èmi gan-an? Ọwọ́ mi pé, ẹsẹ̀ mi pé. Bàbá mi ni kò padà wálé. Nígbà tí ìbọn dákẹ́ díẹ̀, wọ́n jáde lọ wo ìsọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan, a kò sì rí wọn mọ́, a kò rí òkú wọn. Ìyá mi kó èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, a sá lọ sí Àbíjàn.

Nígbà tí a padà, ilé ṣì dúró, ṣùgbọ́n èéfín ti wọ inú gbogbo nǹkan. Ògiri ń rùn, ẹní ń rùn. Ìyá mi lọ káàkiri àdúgbò láti bèèrè bàbá mi lọ́wọ́ àwọn tó kù, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. Èmi, ọmọdé tí n kò tíì lè gbé garawa omi kíkún, mo kó gbogbo aṣọ ilé jáde, mo pọnmi díẹ̀ díẹ̀, mo sì fọ̀ wọ́n títí ìka mi fi bó. Okùn aṣọ kún láti igi dé ògiri. Nígbà tí ìyá mi dé, wọ́n wo okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi," wọ́n sì wọlé lọ. Mo sáré lọ bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré. Nínú gbogbo ohun tí mo rántí nípa ogun yẹn, ọjọ́ yẹn nìkan ló máa ń wú mi lórí. Mo gbà pé ọjọ́ yẹn ni mo wúlò fún ìyá mi.

Ìyá Tóbi ló mú mi mọ Yémisí. Inú ìjọ kan náà ni wọ́n wà. Ọmọ tíṣà Èkìtì kan tó ti fẹ̀yìn tì ni Yémisí, iṣẹ́ ọnà ló ń ṣe, ó sì gba ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ní Àgídìngbì, níbi tí wọ́n ń kó bísíkíìtì sí tẹ́lẹ̀. Ó ń wá ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ dáadáa tí yóò máa bá òun ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Mo pè é ní àǹtí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n dákun, ẹgbẹ́ ni wá.

Aṣọ ló fẹ́ gbé kọ́. Ó ti lọ bá àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn ní Bọ́nò, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sá, tàbí aṣọ ẹni tí wọn kò rí mọ́. A óò fi wáyà ṣe egungun sínú ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan, a óò rán aṣọ mọ́ wáyà, a óò sì so ó mọ́ irin àjà, kí ó lè dà bí ẹni pé èèyàn wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn á kọjú sí ẹnu ọ̀nà bí èrò tó ń sá jáde. Ẹni tó bá wá wo àfihàn náà ní láti gba àárín wọn kọjá, kí ó máa rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń sá bọ̀.

"Ṣé wọ́n fẹ́ kí ẹ gbé e kọ́?" mo bi í.

"Àwọn kan ní rárá, wọ́n sì lé mi. Àwọn kan ní káwọn ará Èkó wá wò ó, torí pé wọ́n ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀."

Mo tẹ orí mi ba. Èmi náà ti di ará Èkó nìyẹn.

Ẹ̀wù ọmọdé kan wà láàárín ẹrù náà, aláwọ̀ búlúù, bọ́tìnnì rẹ̀ funfun, ó sì dá wà nínú láílọ́ọ̀nù tirẹ̀ tí wọ́n so lẹ́nu pinpin. Yémisí gbé e lé mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́. "Àyálò ni èyí. Ọmọ tó ni ín ń jẹ́ Módù. Ó sọnù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nígbà tí gbogbo ìlú ń sá. Ìyá náà wà ní Agége, lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọn níbẹ̀. Tí a bá parí, á padà sọ́wọ́ wọn." Ó ní kí n tú gbogbo aṣọ sílẹ̀ kí òun tó ti Ìlúpéjú dé, níbi tó ti fẹ́ lọ ra wáyà. Bó ṣe lọ nìyẹn.

Mo tú àpò àkọ́kọ́. Òórùn tó jáde bá mi lójú, ó bá mi nímú. Èéfín ni, àti eruku, àti òógùn ẹni tó bẹ̀rù. Mo ti àpò náà pa, mo jáde síta, mo padà. Mo tún un tú, òórùn náà ṣì wà níbẹ̀. Mo wà ní Àgídìngbì, mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ iléeṣẹ́ kejì, síbẹ̀ ilé wa ní Bùàké ni mo dúró sí.

Ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ̀rọ omi wà ní àgbàlá, okùn wà, oòrùn sì ń mú. Mo ra ọṣẹ, mo ra sítáàṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọṣọ. Ìyá mi kò jẹ́ dá aṣọ tí wọ́n yá padà láìfọ̀ rí, tí ó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n dà á bora. Obìnrin kan yá wa ní ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ tó sọnù, ṣé pẹ̀lú ìdọ̀tí ni màá ṣe dá a padà? Ẹ̀wù Módù ni mo fọwọ́ rọra fọ̀ jù. Mo fi kànìnkànìn tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí ọrùn rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, mo rì í sínú sítáàṣì, mo sá a, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ìlà fi yọ lápá rẹ̀. Àpò rẹ̀ ya, mo sì ti ki òwú búlúù bọ abẹ́rẹ́ tí màá fi dí i. Inú mi dùn. Mo ń kọrin.

Yémisí wọlé, ó gbé wáyà léjìká. Ó rí okùn aṣọ, ó sì sọ wáyà náà sílẹ̀.

"Ta ló ní kí o fọ̀ wọ́n?"

"Kò sí ẹni tó ní kí n fọ̀ wọ́n. Wọ́n ń rùn ni."

Ó lọ tààrà síbi ẹ̀wù Módù, ó gbé ọrùn rẹ̀ sí imú, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ọṣẹ," ó ní. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àgbàlá. "Ìyá rẹ̀ kò fọ̀ ọ́ rí láti ọjọ́ yẹn. Wọ́n á tú ẹnu láílọ́ọ̀nù yẹn díẹ̀, wọ́n á fi imú kàn án, wọ́n á yára so ó padà kó má baà tán. Wọ́n ní òórùn Módù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo búra fún wọn pé kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Mo búra, àní mo búra. N kò sì rò ó pé ó yẹ kí n sọ fún ọ."

Mo jókòó tì í, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Kí ló dé tí o kò lè fi òórùn náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?" ó bi mí.

"Mo mọ̀ ọ́n ni," mo ní. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ fún èèyàn nígbà àkọ́kọ́ ní Èkó: ìbọn, bàbá mi, èéfín. Yémisí ń gbọ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. Mo rí i pé ó fẹ́ bi mí bóyá mo ní aṣọ kankan láti ìgbà náà. Ó kó ara rẹ̀ níjàánu, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi. Ó ní òun á lọ sọ fún ìyá Módù.

"Èmi ni mo fọ̀ ọ́," mo ní. "Èmi ni màá lọ."

Ìyá Módù ń gbé nínú àgbàlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Agége, ní yàrá tí wọ́n fi aṣọ bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Orí ẹní ni mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi òwú ṣiṣẹ́ sára fìlà, irú fìlà tí àwọn ará Bọ́nò máa ń dé. Wọ́n gbọ́ Yorùbá ti Agége dáadáa. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ẹ̀wù náà jáde, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́.

Wọ́n gbà á. Wọ́n gbé ọrùn rẹ̀ sí imú, wọ́n gbé abíyá rẹ̀ sí imú, wọ́n tiẹ̀ yí inú àpò tó ya síta, wọ́n gbóòórùn ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lé itan.

"Na gode," wọ́n ní. "Mo dúpẹ́. O fọ̀ ọ́ dáadáa."

Wọ́n dìde, wọ́n gbé ẹ̀wù náà dání, wọ́n wọlé, aṣọ ẹnu ọ̀nà sì wálẹ̀. Mo dúró díẹ̀. Nígbà tí n kò gbọ́ nǹkan, mo ní ó dìgbà, mo sì bá tèmi lọ. Kí n sọ òótọ́, ara mi fúyẹ́ lójú ọ̀nà. Wọn kò bú mi, wọn kò sunkún, wọ́n tiẹ̀ dúpẹ́. Mo ní Ọlọ́run ti bò mí láṣìírí. Mo ra búrẹ́dì, mo sì jẹ ẹ́ lájẹgbádùn.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi bí ìròyìn ayọ̀. Mo sọ ti Yémisí, ti aṣọ, ti òórùn, ti ìyá Módù. Lẹ́yìn èyí n kò gbọ́ nǹkan mọ́, mo sì rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Màámi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ọ. Ó ní òun dúpẹ́, àbí?"

"Ó ní òun dúpẹ́, pé mo fọ̀ ọ́ dáadáa."

"Ó wá wọlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ wá ńkọ́?"

"Mo lọ sílé."

Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ẹ̀wù bàbá rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí a padà sílé. Èyí tí wọ́n bọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n jáde. Èéfín wọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ki imú bọ abẹ́ apá rẹ̀, mo ṣì ń bá wọn níbẹ̀. Mo ní tí mo bá ti àdúgbò dé, màá ká a sínú àpótí. Mo dé, mo bá a lórí okùn, omi ń kán lára rẹ̀."

Mo wo ìka ọwọ́ mi.

"Ọwọ́ rẹ ti bó," wọ́n ní. "O ń wò mí, o ń retí ohun tí màá sọ. Ọmọdé ni ọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní o ṣeun."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi láti ìgbà yìí?"

"Kí ni kí n sọ ọ́ fún? Kó lè máa dùn ọ́?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"N kò bínú sí ọ rí. Ẹ̀wù lásán ni." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ká ní o wá jókòó tì mí nínú yàrá díẹ̀. O sáré lọ ṣeré ni. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ níta."

Gbogbo ohun tí mo ti ń gbé kiri bí ọlá, ìyá mi ló bọ́ ọ kúrò lára mi. Ọjọ́ tí mo ní mo wúlò ni ọjọ́ tí mo gba ohun tó ṣẹ́kù lára bàbá mi lọ́wọ́ ìyá mi. Wọ́n sì ń bi mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bóyá mo ń jẹun. Mo ti rò pé nítorí pé mo kúrò nílé ni ọkàn mi ṣe ń dá mi lẹ́bi, àṣé mo ti ń fi wọ́n sílẹ̀ tipẹ́, nígbà tí yàrá kan ṣoṣo ló wà láàárín wa.

Nígbà tí wọ́n ṣí àfihàn náà, gbogbo ilé ìkẹ́rùsí ló kún. Àwọn tó wọ aṣọ ìgbàlódé ń gba àárín ẹ̀wù kọjá, wọ́n ń ya fọ́tò. Yémisí kò fi nǹkan kankan rọ́pò ẹ̀wù Módù. Ó so wáyà rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó ga bí ọmọ kékeré, ó wà láàárín ẹ̀wù obìnrin méjì. Ó ti ránṣẹ́ pe ìyá Módù, wọ́n ní àwọn á wá. Wọn kò wá. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú Ìyá Tóbi tí kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan tó lo lọ́fínńdà olówó ńlá dúró níwájú wa, ó fa imú, ó ní fún ọkọ rẹ̀ pé, "Mo ti rò pé wọ́n á máa rùn. Wọ́n mà ń ta sánsán o."

Yémisí gbọ́ ọ. Ó wò mí láti òdìkejì. Kò wò mí pẹ̀lú ìbínú, èyí ló sì burú jù. Mo fún Ìyá Tóbi ní ife tó wà lọ́wọ́ mi, mo gba àárín àwọn aṣọ náà jáde, mo sì lọ sí Agége.

Ìyá Módù wà lórí ẹní, fìlà wà lọ́wọ́ wọn.

"Kí ló tún dé?" wọ́n bi mí.

"Kò sí nǹkan, mà. Mo wá jókòó ni."

Wọ́n wò mí, wọ́n kó fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì wọlé. Aṣọ ẹnu ọ̀nà wálẹ̀ bíi ti ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo jókòó sétí ẹní. Àwọn ará àgbàlá ń kọjá, wọ́n ń wò mí. Ọkọ̀ ojú irin kọjá, ilẹ̀ mì, ó tún rọlẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún nínú ilé, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ó wù mí kí n sá. Gbogbo ara mi ló ń ní kí n dìde. N kò dìde.

Nígbà tí wọ́n jáde, oòrùn ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀wù náà wà lọ́wọ́ wọn.

"O ṣì wà ńbí?"

"Mo wà ńbí, mà."

Wọ́n jókòó, wọ́n tẹ́ ẹ̀wù náà sáàárín wa lórí ẹní. Ìlà áyọ́ọ̀nù mi ṣì wà lápá rẹ̀ méjèèjì, ó mú bí abẹ. Wọ́n fi ìka tọ ọ̀kan láti èjìká dé ọwọ́.

"Módù kì í wọ aṣọ lílọ̀," wọ́n ní. "Á ní ó ń gún òun. Tí mo bá lọ̀ ọ́, á jókòó lé e ná kó tó wọ̀ ọ́."

Wọ́n mú apá ọ̀tún, wọ́n fún un pọ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n tú u, wọ́n tún fún un pọ̀. Sítáàṣì náà ń dún fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ti apá òsì síwájú mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì mú un, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rún un.